Dick Tiger: Ọmọ Oko Tó Di Akọni Àgbáyé

1. Ọmọ oko

Àwọn ọmọ Atokoligbé mọ iṣẹ́ oko. Wọ́n mọ bí ebè ṣe ń rí nígbà tí òjò bá rọ̀. Wọ́n mọ bí iṣu ṣe ń wúwo lórí nígbà tí ilé bá ṣì jìnnà. Ọmọ tó bá ru iṣu láti oko mọ̀ pé ọrùn máa ń dunni. Ó sì mọ̀ pé ọkàn máa ń sọ pé kí a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Bí ọmọ náà bá gbọ́ ti ọkàn yẹn, iṣu kò ní dé ilé.

Ọkùnrin tí a ó ka ìtàn rẹ̀ yìí náà jẹ́ ọmọ oko. Orúkọ rẹ̀ ni Richard Ihetu. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1929. Abúlé rẹ̀ ni Amaigbo, ní ilẹ̀ Ìgbò, ní apá ìlà oòrùn Nàìjíríà. Ní Amaigbo, àwọn ènìyàn ń gbin iṣu, wọ́n sì ń fún epo pupa.

Nígbà tí Richard di ọ̀dọ́, ó kúrò ní abúlé. Ó lọ sí Aba. Ìlú ọjà ńlá ni Aba. Ó ń ṣe òwò kéékèèké níbẹ̀ kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Ní Aba, àwọn ọ̀dọ́ máa ń pàdé láti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Richard lọ wò wọ́n. Eré náà wù ú. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Bí Richard bá ń jà, iwájú ni ó máa ń lọ. Kò mọ ẹ̀yìn. Wọ́n sọ pé òyìnbó kan rí i, ó ní ó ń jà bí ẹkùn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dick Tiger. Dick ni ìkékúrú Richard. Tiger ni ẹkùn ńlá tó wà ní ilẹ̀ Éṣíà. Ní ọdún 1952, Dick Tiger bẹ̀rẹ̀ sí í jà láti gba owó. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn di iṣẹ́ rẹ̀.

2. Kí ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn?

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kì í ṣe ìjà ojú pópó. Ìjà ojú pópó kò ní òfin. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní òfin púpọ̀.

Àwọn méjì tí yóò jà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ gun orí ìwọ̀n. Bí a ti ń wọn àpò kajú lọ́jà ni wọ́n ṣe ń wọn akànṣẹ́ kí ó tó jà. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Wọ́n á wọ inú pápá onígun mẹ́rin tí okùn yí ká. Adájọ́ ìjà kan á wà pẹ̀lú wọn nínú pápá náà.

Akànṣẹ́ kò gbọdọ̀ ta ènìyàn nípàá. Kò gbọdọ̀ gé ènìyàn jẹ. Kò gbọdọ̀ lu ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ lu ìsàlẹ̀ ìgbànú. Kò gbọdọ̀ lu ẹni tó ti ṣubú. Bí ẹnì kan bá ṣubú, adájọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá ka ẹ̀wá tí ẹni náà kò dìde, ìjà ti parí.

Wọ́n ń pín ìjà sí abala. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Lẹ́yìn abala kan, àwọn méjèèjì á jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 1. Ní ayé Dick Tiger, ìjà fún ipò akọni àgbáyé jẹ́ abala 15. Bí a bá ro ìṣẹ́jú ìjà pọ̀, ó jẹ́ 45. Ó tó ìdajì eré bọ́ọ̀lù kan.

Ìṣẹ́jú 3 kì í pẹ́ lójú ẹni tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ dìde. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ yín. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ máa ka iye láti 1 títí dé 100, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń rìn. Kí ẹ tó parí, èjìká á ti máa ro yín. Ẹnikẹ́ni kò tíì lù yín o! Akànṣẹ́ ń gbé ọwọ́ sókè bẹ́ẹ̀, ó ń rìn, ó ń yẹ ẹ̀ṣẹ́, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì ń lu òun náà.

3. Iṣẹ́ ara àti iṣẹ́ ọkàn

Kí akànṣẹ́ tó jà fún ọjọ́ kan, ó ní láti múra fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ó ń sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn. Èyí ń jẹ́ kí èémí rẹ̀ gùn. Lẹ́yìn náà, ó ń fo okùn. Èyí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó ń lu àpò wúwo tí wọ́n so kọ́. Èyí ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ le. Ó ń jẹ oúnjẹ tó dára, ṣùgbọ́n kì í jẹ àjẹjù, nítorí ìwọ̀n ń dúró dè é. Akànṣẹ́ rere kì í mu ọtí. Ó sì ń tètè sùn.

Ṣùgbọ́n ara nìkan kò tó. Ọkàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni láti ṣẹ́gun ẹ̀rù. Kò sí akànṣẹ́ tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹni tó gbọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni láti kápá ìbínú. Akànṣẹ́ tó bá bínú á gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Á máa ju ọwọ́ kiri. Kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ kẹta ni láti máa ronú nígbà tí ara bá ń dunni. Akànṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wo ojú, èjìká àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá a jà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ yóò ti wá kí ó tó dé.

Dick Tiger kò ga. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 73. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a jà ga jù ú lọ. Ọwọ́ wọn sì gùn ju tirẹ̀ lọ. Kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó lè bà wọ́n, ó ní láti sún mọ́ wọn. Bí ó bá sì ń sún mọ́ wọn, ẹ̀ṣẹ́ tiwọn ń bà á. Ìdí nìyí tí ó fi nílò ara tó le àti ọkàn tó balẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn léwu pẹ̀lú. Ẹ̀ṣẹ́ tó ba orí lè ṣe ọpọlọ léṣe. Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń wà nítòsí pápá. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọmọ ẹlòmíràn ní orí, ìbáà ṣe nínú eré.

4. Òtútù Liverpool

Ní ìparí ọdún 1955, Dick Tiger fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ó lọ sí Liverpool, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rò pé òun yóò rí owó níbẹ̀, òun yóò sì ní orúkọ.

Ohun tó bá níbẹ̀ kò dùn. Òtútù mú un. Oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ilé. Kò sí iṣu gígún, kò sí oòrùn, kò sí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí. Ó jà nígbà àkọ́kọ́, wọ́n nà án. Ó jà nígbà kejì, wọ́n nà án. Ó jà nígbà kẹta, wọ́n nà án. Ó jà nígbà kẹrin, wọ́n tún nà án.

Ìgbà mẹ́rin tẹ̀léra! Owó tí ó ń rí nínú ìjà kò tó jẹun. Ó ní láti wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà. Ní ọ̀sán, ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀dà. Bí ó bá ṣíwọ́, ó ń lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ó ro ó pé kí òun padà sí ilé.

Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà ní Liverpool. Orúkọ rẹ̀ ni Hogan Bassey. Akànṣẹ́ ni òun náà. Ó ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú Tiger, ó sì mọ bí òtútù náà ṣe rí. Ó gba Tiger níyànjú pé kí ó má lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, Hogan Bassey jà ní Paris, ó sì di akọni àgbáyé nínú ìwọ̀n tirẹ̀. Tiger rí i pé ọmọ ilẹ̀ òun lè ṣe é. Ènìyàn ni aṣọ mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí.

Tiger dúró. Ó kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì ṣí ọ̀nà fún ọwọ́ ọ̀tún. Ó kọ́ sùúrù. Ní ọdún 1957, ó borí Terry Downes ní London. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó bá Pat McAteer jà ní Liverpool, ó borí rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di akọni gbogbo ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwọ̀n rẹ̀. Inú ìlú tí òtútù ti fẹ́ lé e lọ náà ni ó ti gba oyè yẹn.

5. Ọjọ́ ńlá ní Ìbàdàn

Ní ọdún 1959, Tiger lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni àwọn akànṣẹ́ tó lágbára jù lọ wà. Ó jà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó bá Gene Fullmer jà ní San Francisco. Fullmer ni akọni àgbáyé nígbà náà. Ọkùnrin líle ni. Wọ́n jà fún abala 15. Nígbà tí ìjà parí, àwọn adájọ́ sọ pé Tiger ni ó borí. Ọmọ Amaigbo di akọni àgbáyé.

Ní oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n tún pàdé ní Las Vegas. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó borí. Wọ́n jẹ ọ̀mì. Nítorí náà, wọ́n ní láti jà lẹ́ẹ̀kẹta. Níbo ni wọn yóò ti jà? Wọ́n fẹnu kò sí Ìbàdàn.

Ìbàdàn jẹ́ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti Bantè ń lọ síbẹ̀ á kọjú sí gúúsù àti ìlà oòrùn, á sì kọjá ààlà. Nígbà náà, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún 1960. Ọdún kan náà ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà yẹn, gba òmìnira. Kò tíì sí ìgbà kankan tí wọ́n jà fún ipò akọni àgbáyé ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ní Áfíríkà. Ti Ìbàdàn ni àkọ́kọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni ọjọ́ náà. Pápá ìṣeré Liberty ni ibi náà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn wá. Yorùbá wá, Ìgbò wá, Haúsá wá. Gbogbo wọn ń pe orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo.

Ó dùn láti jà níwájú àwọn ará ilé. Ó tún ṣòro. Bí ènìyàn bá ṣubú ní ìlú òkèèrè, àwọn àjèjì ni yóò rí i. Bí ó bá ṣubú ní ilé, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò rí i. Ẹrù tí Tiger rù lọ́jọ́ náà wúwo ju iṣu lọ.

Agogo lù. Tiger ń lọ síwájú bí ìṣe rẹ̀. Kò yára jù. Kò bínú. Ó ń lu ara, ó ń lu orí, ó ń tẹ̀ lé Fullmer kiri pápá. Fullmer kò sá. Ó jà dáadáa. Ṣùgbọ́n abala ń kọjá, agbára rẹ̀ ń dín kù, ojú rẹ̀ sì ń wú. Lẹ́yìn abala keje, ó lọ jókòó. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ wò ó, ó sì sọ fún adájọ́ pé ó tó. Fullmer kò dìde fún abala kẹjọ.

Gbogbo pápá hó yèè. Tiger ti borí ní ilé.

Àwọn kan lè rò pé ìtìjú ni fún Fullmer. Kì í ṣe ìtìjú. Ọ̀gá rẹ̀ gba ojú rẹ̀ là, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró náà gbọ́n.

6. Ó ṣubú, ó dìde

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, Tiger padà sí Amẹ́ríkà. Joey Giardello borí rẹ̀, ó sì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Tiger bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tún jà. Ó dúró dè é fún nǹkan bí ọdún méjì. Ní gbogbo àkókò náà, kò jókòó lásán. Ó ń sáré, ó ń fo okùn, ó ń jà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ó bá Giardello jà ní New York, ó sì gba oyè rẹ̀ padà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Emile Griffith tún gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti parí. Ó ti lé ní ọdún 36. Ṣùgbọ́n Tiger lọ bá àwọn tó wúwo jù ú lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ó bá José Torres jà. Torres kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì wúwo jù ú lọ. Tiger borí rẹ̀. Ó di akọni àgbáyé nínú ìwọ̀n kejì.

Oyè yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún ọdún 1968. Nígbà náà ni Bob Foster, ọkùnrin gíga kan, kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ ní abala kẹrin. Tiger ṣubú. Adájọ́ kà dé ẹ̀wá. Nínú gbogbo ìjà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ni wọ́n ka ẹ̀wá lé e lórí.

7. Ìjà tí kò ní ìbọ̀wọ́

Ìjà kan wà tí ó le ju ti Foster lọ. Ní ọdún 1967, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Apá ìlà oòrùn fẹ́ dá dúró. Wọ́n pe ilẹ̀ wọn ní Biafra. Ìjọba Nàìjíríà kò gbà. Ogun náà gba nǹkan bí ọdún méjì àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Ebi pa ọmọdé púpọ̀.

Ọmọ Ìgbò ni Tiger. Ilé rẹ̀ wà ní Aba, nínú ilẹ̀ tí ogun ti ń jà. Ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Biafra, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ìmárale. Ó ṣòro. Nínú àwọn tó hó fún un ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ wà ní apá kejì ogun náà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún Tiger ní àmì ẹ̀yẹ nígbà kan. Ní ọdún 1969, ó dá àmì náà padà, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ran ìjọba Nàìjíríà lọ́wọ́ nínú ogun náà. Ohun tó dára ni àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n Tiger kò lè wọ̀ ọ́ sí àyà kí inú rẹ̀ dùn nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ ilé rẹ̀.

Ogun parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ogun ti kó ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Tiger fi ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ rí lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ja ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn.

8. Ó padà sí ilé

Lẹ́yìn tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀, Tiger gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní New York. Ilé ńlá kan ni ó ń ṣọ́, níbi tí wọ́n kó àwòrán àti ère láti gbogbo ayé sí. Ọ̀pọ̀ àlejò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì mọ̀ pé akọni àgbáyé ni. Kò tijú. Iṣẹ́ kì í ṣe ìtìjú. Ó ń ṣe é kí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun.

Ní ọdún 1971, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó lọ rí dókítà. Wọ́n rí i pé àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ tí a lè kàn kí àrùn bẹ́ẹ̀ ṣubú. Tiger fẹ́ lọ sí ilé. Wọ́n gbà á láyè, ó sì padà sí Aba. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1971. Ẹni ọdún 42 ni.

Títí di òní, àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ń rántí Dick Tiger. Wọ́n ń rántí ọjọ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí Liverpool pẹ̀lú. Wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹrin, òtútù mú un, ebi pa á, kò sì sí ẹni tó ń hó fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dìde, ó sì lọ sáré.

Ìbéèrè

1. Níbo ni wọ́n ti bí Dick Tiger? Ní ọdún wo?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí òfin ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kò gbà láyè.
3. Kí ni iṣẹ́ mẹ́ta tí ọkàn akànṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe?
4. Ta ni ó gba Tiger níyànjú ní Liverpool?
5. Kí ló dé tí Fullmer kò fi dìde fún abala kẹjọ? Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Sọ ìdí rẹ̀.
6. Sọ ohun kan tó ṣòro fún ọ nígbà kan, ṣùgbọ́n tí o kò fi sílẹ̀.